Wómúwómú lédè Gẹ̀ẹ́sì: ìbéèrè yín lórí smithereens

Lẹ́tà akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ìkòròdú ló fa èyí. Ká tó dáhùn rẹ̀ tán, àwọn mìíràn ti dé láti Sábó, Odógúnyán, Ìgbógbó, Ìmọ̀tà àti Bàyékù, gbogbo wọn lórí ohun tó fọ́ àti bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é. A kó wọn pọ̀ sójú kan. Bí a bá mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí àwọn tó ni ín ṣe ń kọ ọ́ la kọ ọ́.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà, ẹ káàsán sà. SS2 ni mo wà, ní Ìta-Ẹlẹ́wà, Ìkòròdú. Mo kọ ọ́ sínú àròkọ mi pé "The calabash fell and broke into a smithereen." Tíṣà wa fi bírò pupa fagi lé e, wọn ò sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí gan-an, kí sì ni mo ṣì?

Ìdáhùn: Ọmọ wa, nǹkan méjì ló wà nínú gbólóhùn yẹn tí tíṣà lè fagi lé.

Èkíní kò le. Ọ̀rọ̀ náà kì í rìn ní ẹyọ. Smithereens ni nígbà gbogbo, s kì í kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí a smithereen, kò sí two smithereens. Bí o bá rí ẹni tó kọ ẹyọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, àwàdà ló ń ṣe.

Èkejì ni ibi tí àgbàlagbà pàápàá ti ń ṣubú. Smithereens túmọ̀ sí àfọ́kù kéékèèké tí kò ṣeé kà, tí kò sì ṣeé tò padà. Igbá tó já bọ́ lórí tábìlì kì í rí bẹ́ẹ̀. Igbá máa ń là ni, tàbí kó fọ́ sí méjì tàbí mẹ́ta, débi pé láyé àtijọ́ wọ́n a fi okùn gán an, wọ́n a sì máa lò ó lọ. Ohun tó bá ṣì ṣeé gán kò tíì di smithereens. "The calabash fell and broke in two" ni ìbá bá a mu. Bí ó bá jẹ́ àwo tánganran ló já sórí sìmẹ́ńtì, "The plate fell and smashed to smithereens" kò ní àléébù kankan.

Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè pe smithereens ní ọ̀rọ̀-orúkọ, wọn ò sì purọ́. Ṣùgbọ́n wo ibi tó máa ń dúró sí: ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, pẹ̀lú to, into tàbí in níwájú rẹ̀. Smashed to smithereens. Blown to smithereens. Ibi tí wómúwómú àti túútúú máa ń dúró sí nínú èdè tiwa gan-an nìyẹn: ó rún wómúwómú, ó fọ́ túútúú. Kò sí ẹni tó ń sọ pé "bá mi kó wómúwómú yẹn sínú pàǹtí". Bákan náà, etí elédè Gẹ̀ẹ́sì kì í gba "pack the smithereens". Bí ó bá kan kíkó, gbígbá tàbí kíkà, pieces ni wọ́n ń lò, tàbí bits, tàbí shards bí ó bá jẹ́ gíláàsì. Nítorí náà, bí o bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wàá fi há smithereens sórí, má fi èérún tàbí àfọ́kù há a. Wómúwómú ni kí o fi há a, wàá sì mọ ibi tó yẹ kó wà nínú gbólóhùn láìbi ẹnikẹ́ni.

Àwa Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe la fi ń ya nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀. Ìkòkò fọ́, igi ṣẹ́, okùn já, aṣọ ya, ilé wó, ògiri là, búrẹ́dì rún. Ẹni tó bá ní aṣọ òun fọ́, a ti mọ̀ pé àjèjì ni. Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi break kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ bíi mẹ́ta nínú ìwọ̀nyí, á wá fi orúkọ ohun tó ṣẹ́kù nílẹ̀ ṣe ìyàtọ̀: crumbs fún búrẹ́dì, splinters fún igi, shreds fún aṣọ àti ìwé, shards fún gíláàsì àti ìkòkò, rubble fún ilé. Smithereens kò bìkítà ohun tó fọ́. Bí ó ṣe fọ́ ló ń sọ. Ohun líle ni, agbára ńlá sì kọ lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí kò fi bá cut tàbí tear rìn. Ọ̀bẹ kì í sọ nǹkan di smithereens. Ohun tí a sì lọ̀ lórí ọlọ, powder ló dà. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá a mu kò pọ̀: smash, blow, blast, break, shatter. Má sì kọ "small smithereens". Kékeré ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀.

Bí kékeré ṣe dé inú rẹ̀ nìyí. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ireland ni àwọn onímọ̀ èdè tọ́ka sí. Smidiríní ni wọ́n ń kọ ọ́ ní èdè Irish. Smiodar ni àfọ́kù, -ín tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló sọ ọ́ di kékeré. -ín yìí kan náà ló wà nínú colleen, ìyẹn ọmọdébìnrin, àti nínú poteen, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìkòkò kékeré, tó sì jẹ́ orúkọ ọtí líle tí wọ́n ń pọn fúnra wọn nílé, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ògógóró tiwa. Kò kan alágbẹ̀dẹ rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé smith hàn níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyẹn tí Bíbélì King James ti ọdún 1611 kò fi ní in. Níbi tí Sáàmù 2 ẹsẹ 9 ti ní "rún wọn wómúwómú bí ohun èlò amọ̀" ní Yorùbá, "dash them in pieces" péré ni ti wọn. Lójú tiwa, Yorùbá ló dùn jù níbẹ̀.

Bí o ṣe máa pè é: ìpín mẹ́ta ni, th rẹ̀ sì dà bíi ti this àti mother, tí ahọ́n máa ń yọ díẹ̀ láàárín eyín, kì í ṣe bíi ti think. Fi àmì ohùn wa wọ̀n ọ́n, re-dò-mí ni: smi ní re, dhe ní dò, reens ní mí. Ẹni tó bá gbé ohùn sókè sórí smi ló ń mú alágbẹ̀dẹ wọlé.

Ìbéèrè: Àwo ni mò ń tà ní Sábó. Wọ́n fi wébíìlì kó páálí mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì fọ́. Ọmọ mi bá mi kọ lẹ́tà sí ẹni tó kó o wá, ó ní "All the plates have smithereened." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, kò sì san kọ́bọ̀. Kí ni ká kọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, Ìyá Aláwo. Smithereen kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe, ìyẹn ló fi rẹ́rìn-ín. Owó tí kò san, all ló fà á. Ó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló fọ́, ẹ sì ti fún un láǹfààní láti pè yín ní òpùrọ́. Lẹ́tà tí a fi ń béèrè owó, iye ló ń fẹ́, kò fẹ́ ariwo. Smithereens ariwo ni.

Nígbà mìíràn, kí ẹ tó ya téèpù ara páálí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lóde pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n kọ sí i, pàápàá ibi tó bá ti tẹ̀ tàbí tó ti rin. Ẹ tú u lójú dẹ́rẹ́bà bó bá lè dúró. Lẹ́yìn náà kí ẹ pín àwo sí ọ̀nà mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni èyí tó fọ́, broken. Ìkejì ni èyí tó là ṣùgbọ́n tí kò tíì pín, cracked. Ìkẹta ni èyí tó bù létí, chipped. Ìkẹrin ni èyí tó dá. Cracked ló máa ń tan èèyàn jẹ, torí ojú kì í sábà rí i: ẹ gbé àwo lé orí ìka, kí ẹ fi èékánná tàbí igi kékeré kàn án. Èyí tó dá á dún gooro bí agogo. Èyí tó là á dún kú. Ẹ má tíì da àfọ́kù nù títí owó á fi wọlé.

Gbólóhùn tí ẹ óò wá kọ rèé: "On opening the 6 cartons, 144 plates in all, we found 19 broken, 7 cracked and 11 chipped. Photographs are attached. Please refund the cost of these 37 plates or replace them." Ẹ fi iye tiyín rọ́pò tiwa. Cracked tí wọ́n kò bá fẹ́ san, ẹ tẹnu mọ́ ọn: àwo tó ti là kò ṣeé bu ọbẹ̀ gbígbóná sí, ooru á parí ohun tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀.

Ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n má tún to àwo ní ìdùbúlẹ̀ lé ara wọn. Nígbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sínú kòtò, gbogbo ìwúwo tòkè ló ń tẹ ti ìsàlẹ̀. Ìdúró ni kí wọ́n tò ó, bí ìwé inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí wọ́n fi ìwé ìròyìn sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì ki ìdí àti orí páálí.

Ìbéèrè: Wíńdò àti ilẹ̀kùn gíláàsì ni mò ń ṣe, ní Odógúnyán. Oníbàárà kan kọ̀wé sí mi pé ilẹ̀kùn tí mo ṣe "shattered into smithereens", àti pé "the shards" fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ọmọ òun. Mo ní tempered ni mo fi síbẹ̀, tempered kì í ní shards. Ó ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló gbé òun wá. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Ọ̀gá, bí tempered bá ni lóòótọ́, ẹ jàre lórí shards, òun náà sì jàre lórí smithereens. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò lè jẹ́ òótọ́ lórí gíláàsì kan náà, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹjọ́ yín wà.

Shard ni àfọ́kù tó gùn, tó mú, tó ní ṣóńṣó. Gíláàsì lásán, èyí tí àwọn tó ń ṣe é ń pè ní annealed, ló ń fọ́ bẹ́ẹ̀: ó máa ń ya lọ bí ẹ̀ka igi láti ibi tí nǹkan ti bà á, àwọn òmíràn a sì dúró sínú férémù bí eyín ajá. Tempered yàtọ̀. Wọ́n ti gbóná rẹ̀ kọjá 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n wá fẹ́ atẹ́gùn tútù lù ú lójijì. Ìta rẹ̀ tutù kí inú tó tutù, nítorí náà inú rẹ̀ ń fa ara òde rẹ̀ pọ̀, òde sì ń na inú. Ìfàgbára yìí ló mú un le. Òun náà ló fà á tó fi jẹ́ pé níbi yòówù kí nǹkan ti dá a lu, gbogbo rẹ̀ ló ń tú ká lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń di hóró hóró bí iyọ̀ òkúta, tí etí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mú. Bí a bá wá gíláàsì tí smithereens yẹ jù lọ láyé, tempered ni.

Nítorí náà kí ẹ lọ wo ilẹ̀. Bí ẹ bá rí hóró hóró, ẹ ní kó yọ shards kúrò nínú lẹ́tà rẹ̀, kí ẹ sì wá ohun tó fọ́ ọ. Ojú tempered le, etí rẹ̀ ló rọ̀. Etí tó kan irin láìsí rọ́bà láàárín, síkúrúù tí wọ́n fún jù níbi ìdè ilẹ̀kùn, tàbí etí tó ti bù díẹ̀ nígbà tí ẹ ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó lè fọ́ nítorí ìyẹn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá sì rí àfọ́kù gígùn ṣóńṣó, a jẹ́ pé ẹni tó ta gíláàsì fún yín ti fi lásán pè ní tempered. Ojúlówó máa ń ní òǹtẹ̀ kékeré tí kì í parẹ́ ní igun kan. Àmì mìíràn tún wà tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀: bí ẹ bá rí i gé tàbí lu ihò sí i ní ṣọ́ọ̀bù láìfọ́, kì í ṣe tempered. Gbogbo gígé àti lílu ihò ló gbọ́dọ̀ ti parí kó tó wọ iná.

Gíláàsì iwájú ọkọ̀ tún ni ẹ̀ka tirẹ̀, laminated: gíláàsì méjì tí wọ́n fi ọ̀rá tín-ínrín lẹ̀ pọ̀. Ó lè ya káàkiri bí òwú alántakùn, kó má sì já sílẹ̀. "The windscreen shattered" tọ̀nà níbẹ̀. "To smithereens" kò tọ̀nà, torí kò tú ká.

Fún àwọn tó ń ra àfọ́kù ìgò ní kìló: cullet ni ilé iṣẹ́ gíláàsì ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń dà á mọ́ yanrìn nínú iná ìléru torí pé ó ń yára yọ́ ju yanrìn lọ, iná tí wọ́n ń jó á sì dín kù. Gíláàsì fèrèsé àti díńgí kì í bá ìgò lọ nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n pò pọ̀ ṣe wọ́n kò bára mu.

Ìbéèrè: Bíríkìlà ni mí ní Ìgbógbó. Onílé kan ní kí n kó "debris" kúrò kí n sì fi "rubble" dí kòtò. Ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà ni? Mo sì gbọ́ tí ẹlòmíràn ń pè é ní dẹ́bírísì.

Ìdáhùn: Kì í ṣe nǹkan kan náà, ọ̀rọ̀ onílé yín sì já gaara. Rubble ni àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, òkúta, bíríkì àti kọnkéré. Debris ni gbogbo ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìparun tàbí iṣẹ́: rubble wà nínú rẹ̀, páànù ń bẹ níbẹ̀, igi, wáyà, bébà sìmẹ́ńtì, ọ̀rá. Ó ní kí ẹ ṣa èyí tó wúlò, kí ẹ kó ìyókù dànù. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi dí kòtò, ẹ yọ igi àti bébà inú rẹ̀ dáadáa. Wọ́n á jẹrà, ilẹ̀ á sì rì. Ẹ fọ́ èyí tó tóbi, ẹ máa dà á ní ìpele tí kò ju nǹkan bí ìbú ọwọ́ méjì lọ, kí ẹ máa gún ìpele kan kó tó kan òmíràn. Ẹni tó bá da ti típà kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì gún òkè nìkan, ilẹ̀ yàrá rẹ̀ á là.

Ara Faransé ni debris, s rẹ̀ kì í dún: dẹ́bìrì ni. Òun àti rubble kì í gba s ọ̀pọ̀. Lórí ẹ̀rọ típà, "two trips of rubble" ni ẹ óò sọ, kì í ṣe "two rubbles". Àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ ń rà fún tẹ̀rásò ní tiwọn, chippings ni wọ́n, a mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ wọn ni, kì í ṣe ìparun.

Ìbéèrè: Ìrẹsì ni mò ń tà ní Ìmọ̀tà. Mo rí 5% broken lára àpò kan. Ọmọ mi tó ń lọ yunifásítì ní "rice smithereens" ni orúkọ tó dára fún èyí tó fọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ọmọ yín ń ṣeré ni. Broken rice ni, àwọn tó ń lọ ìrẹsì sì máa ń pè é ní brokens nìkan. Ọ̀rọ̀ òwò ni, ó ní òṣùwọ̀n: hóró tí gígùn rẹ̀ kò bá tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin odidi hóró ni ilé iṣẹ́ ń kà sí broken. 5% broken túmọ̀ sí pé nínú àpò 50 kìló, nǹkan bí kìló 2.5 ló lè jẹ́ fífọ́. 25% wà pẹ̀lú, owó rẹ̀ a sì wálẹ̀. 100% tilẹ̀ wà, wọn kì í sì í jù ú nù: ní Senegal, òun ni wọ́n yàn láàyò fún ìrẹsì ẹlẹ́ja wọn, torí pé ó ń mu ọbẹ̀ dáadáa. Níhìn-ín ó dára fún túwó. Ẹ sọ fún oníbàárà kó dín omi rẹ̀ kù, kó sì tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, torí kì í pẹ́ rọ̀, á sì lẹ̀ mọ́ra.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ wà ní Ìmọ̀tà, níbi tí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ìjọba Èkó tí wọ́n ṣí ní oṣù Kínní ọdún 2023 wà, tí ìwọ̀n agbára rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan, àwọn àgbẹ̀ tó ń gbé ìrẹsì eléèpo kọjá lọ́dọ̀ yín yóò fẹ́ mọ ohun tó ń fọ́ ọ. Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan. Oòrùn ni ó kọ́kọ́ ń là á. Ìrẹsì tí wọ́n sá sórí kọnkéré gbígbóná láìrò ó, tí ó gbẹ ní kíákíá, tí ìrì tàbí òjò sì tún pa á lálẹ́, inú rẹ̀ ti là kó tó dé ẹ̀rọ. Ojú kò rí i torí èèpo bò ó. Kí wọ́n sá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí tapólì, kí wọ́n máa rò ó, kí wọ́n bò ó kí ìrì tó sẹ̀, kí ọ̀rinrin rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí 14% nígbà tó bá fẹ́ wọ ẹ̀rọ. Èyí tí wọ́n bá bọ̀ kí wọ́n tó sá a kì í fọ́ tó bẹ́ẹ̀: sítáàṣì inú rẹ̀ á yọ́, á sì lẹ ojú ibi tó ti là pa.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́bìnrin mi já mi sílẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i pé "My heart is a smithereen." Mo ń retí èsì kíákíá. Ọ̀dọ́kùnrin, Ẹ̀bùté, Ìkòròdú.

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ o. Fi s sí i, kí o sì mú a kúrò: "My heart is in smithereens." Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀rín díẹ̀ nínú létí àwọn elédè, ẹni tó bá kà á lè rò pé o ti gbà á bí eré. "You broke my heart" ni wọ́n ń sọ bó bá dùn wọ́n dé egungun. Smithereens dára fún ìrètí, àríyànjiyàn tàbí rékọ́ọ̀dù eré ìje: "She smashed the record to smithereens."

Ìbéèrè: Bàbá arúgbó ni mí ní Bàyékù. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àpáàdì la fi ń lọ fọnná nílé aládùúgbò. Ọmọ-ọmọ mi ní smithereens ni àpáàdì. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ gbà á. Ohun tó lè gba ẹyin iná láìjó yín lọ́wọ́ kò lè jẹ́ wómúwómú. Potsherd ni àpáàdì, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní orogún: òun ni King James lò fún ohun tí Jóòbù fi ń họ ara rẹ̀ ní orí 2 ẹsẹ 8, àpáàdì náà ló sì wà nínú Bíbélì wa. Àwọn tó ń wa ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ ti gé e kúrú sí sherd, tí wọ́n ń fi e kọ, kí ó lè yàtọ̀ sí shard ti gíláàsì tí wọ́n ń fi a kọ. Pípè wọn kò yàtọ̀ púpọ̀.

Ẹ sọ fún ọmọ náà pé potsherd pavement ni ayé ń pe àwọn àgbàlá àtijọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́. Ìdúró ni wọ́n to àpáàdì náà, etí lókè, ó jọ egungun ẹja níbì kan, wọ́n sì fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ há a láàárín níbòmíràn. Ìtàn Ifẹ̀ fi iṣẹ́ náà sí ọwọ́ Lúwo, Ọọ̀ni obìnrin. Bí ó bá ti di smithereens, kò ní ṣeé tò.

Ìbéèrè: Kí ni ìyàtọ̀ splinter àti shrapnel? Méjèèjì ló ń wọ ara èèyàn.

Ìdáhùn: Splinter ni èérún tín-ínrín bí abẹ́rẹ́, láti ara igi, gíláàsì tàbí egungun. Igi tábìlì tó gún yín lábẹ́ èékánná, splinter ni. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó ya kúrò lára òmíràn náà, splinter group ni wọ́n ń pè é. Shrapnel ni irin tó ń fò káàkiri nígbà tí bọ́ǹbù bá bú. Orúkọ èèyàn ni: Henry Shrapnel, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe ọta ìbọn ńlá tí ọta kéékèèké kún inú rẹ̀, ọdún 1803 ni àwọn ológun wọn gbà á wọlé. Kì í gba s. Nígbà tí ilé ìkó-bọ́ǹbù-sí bú gbàmù ní bárékè Ìkejà ní ọjọ́ 27 oṣù Kínní ọdún 2002, shrapnel ni irin tó ń já bọ́, "blown to smithereens" sì ni ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì yóò kọ nípa àwọn fèrèsé tó wà nítòsí.

Ìbéèrè: Ọ̀kadà gbá àbúrò mi. Dókítà kọ "comminuted fracture" sínú ìwé rẹ̀. Ẹnì kan ní ìyẹn ni smithereens ti àwọn dókítà. Àyà mi já.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á wò ó sàn. Ọ̀rọ̀ náà ò tó bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rù. Comminuted ni pé egungun náà ṣẹ́ ní ọ̀nà tó ju méjì lọ. Ó lè jẹ́ mẹ́ta péré. Fragments ni àwọn dókítà ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lè kà á nínú fọ́tò egungun. Ẹ bi wọ́n pé, "How many fragments, and have they moved out of place?" Ìdáhùn sí apá kejì ló máa ń pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ń pinnu bóyá POP ni tàbí irin. Kómínyútẹ́ẹ̀dì ni ẹ óò pè é, ohùn òkè sórí kọ́.